Àpò Kajú Tó Dúró Jẹ́ẹ́ Lórí Pátákó: Ẹ̀sùn Lórí Ìbéèrè Kẹta

Nimatou Yáyà,
Ilé Yáyà Oníkajú,
Ẹ̀gbẹ́ Títì Ńlá,
Manigri,
Komúùnù Bassila.

Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Karùn-ún, Ọdún 2024.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ìdíje Fisíìkì Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́,
Bassila.

Ẹ̀yin Ọ̀gá mi,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ TÚN ÌDÁHÙN MI SÍ ÌBÉÈRÈ KẸTA WÒ, KÍ Ẹ SÌ TÚN ÈSÌ ÌDÍJE KÉDE

1. Èmi ni Nimatou, ọmọ Yáyà tó ń dáko iṣu àti kajú ní Manigri. Kíláàsì tó ṣáájú ti báàkì, ìdánwò tí a fi ń jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ni mo wà. Mo kópa nínú ìdíje fisíìkì tí ìgbìmọ̀ yín ṣe ní Bassila nínú oṣù tó kọjá, ìdíje tó dá lórí ipá àti bí nǹkan ṣe ń rìn. Ipò kejì ni ẹ fún mi. Ipò kìíní ni ẹ fún Salma, ọmọ àbúrò ìyá mi, tí a jọ ń gbé ilé kan náà, tí a sì jọ ń sun ẹní kan náà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ya ipò méjèèjì sọ́tọ̀, ìdáhùn tèmi sí ìbéèrè náà ló sì tọ̀nà. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ̀wé.

2. Mo kọ́kọ́ wá sí ọ́fíìsì yín ní Bassila fúnra mi. Ẹni tó jókòó sídìí tábìlì ní ẹ kò sí nílé, pé ìgbìmọ̀ kì í sì í gbọ́ ẹjọ́ ẹnu. Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí òbí mi sì tẹ̀ka sí i. Faransé ni a fi ṣe ìdíje, Faransé náà ni ǹ bá fi kọ ìwé yìí. Ṣùgbọ́n bàbá mi ní àwọn kò ní tẹ̀ka sí ohun tí àwọn kò gbọ́. Mo ti kà á sí wọn létí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, títí kan àwọn ibi tí mo ti dárúkọ wọn. A gbọ́ pé ọmọ Kétu ni yín, pé ẹ sì ń ka èdè wa dáadáa.

3. Ẹ lè máa rò ó pé kí ló dé tí ipò kejì kò fi tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹnì kan ṣoṣo ni ìdíje yìí ń rán lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ní Parakou, níbi tí yóò máa gbé títí yóò fi ṣe báàkì. Wọ́n ní yàrá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń fi irinṣẹ́ wọn ipá, tí ènìyàn á fi ojú ara rẹ̀ rí iye rẹ̀. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tiwa, ojú inú la fi ń rí i. Ẹni kejì gba ìwé-ẹ̀rí àti ìdìpọ̀ bíìkì ìkọ̀wé, ó sì padà sílé.

4. Ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí Salma jẹ́ sí mi, kí ẹ má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn kí ẹ wá rò pé mo fi í pamọ́. Alédjo ni wọ́n ti bí i. Nígbà tí àìsàn dá ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀, ìyá mi, Habibatou, lọ mú un wá sí Manigri, wọ́n sì fi í sí kíláàsì tí mo wà. Nígbà náà, bí olùkọ́ bá ní kí á ya àwòrán àwọn ipá tó wà lára nǹkan, Salma á ya ọfà kan ṣoṣo tó kọjú sílẹ̀, á sì fi bíìkì rẹ̀ sílẹ̀. Èmi ni mo mú un lọ sí ẹ̀yìn ilé ìdáná. Mo gbé iṣu kan lé orí odó tí a dojú rẹ̀ dé, mo bi í pé kí ló dé tí iṣu náà kò fi já wọlẹ̀. Ó ronú. Ó ní odó ń tì í padà. Mo ní kó ya ọfà kejì. Ọjọ́ náà ni ipá bẹ̀rẹ̀ sí í yé e. Orí iyanrìn ẹ̀yìn ilé ìdáná wa ni a ti kọ́ gbogbo rẹ̀: òkúta tí a jù sókè, garawa tí a ń fà láti inú kànga, ọmọ tó ń yọ̀ bọ̀ láti orí àpáta, alùpùpù tí awakọ̀ rẹ̀ tẹ bíréèkì. Kò sí ohun tó mọ̀ nínú ẹ̀kọ́ yìí tí kò kọ́kọ́ gba ọwọ́ mi kọjá.

5. Mo sọ èyí nítorí pé kò sí ẹni tó ń sọ ọ́. Kí ọdún tó yí po, Salma ti ń yára jù mí lọ. N kò sọ pé ó mọ̀ ọ́n jù mí. Èmi máa ń dúró lórí ìṣòro títí n ó fi rí nǹkan náà bí ẹni pé ó wà níwájú mi. Òun á wo ohun tí wọ́n fún wa, á wo ohun tí wọ́n ń béèrè, á sì rí ọ̀nà tó gba àárín wọn. Ìwé rẹ̀ mọ́, ọfà rẹ̀ gún. Nígbà tí mo bá ṣì ń ya àwòrán, ó ti nawọ́. Ọ̀gbẹ́ni Chitou, olùkọ́ fisíìkì wa, wá ń pè é síwájú kíláàsì ju bí wọ́n ṣe ń pè mí lọ. Bàbá mi, tí wọ́n máa ń fi mí yangàn níwájú àwọn oníbàárà kajú, bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé "àwọn ọmọ mi méjèèjì", nígbà tó sì yá, orúkọ Salma ni wọ́n ń kọ́kọ́ dá. Ìyá mi fún un ní ìborí aláwọ̀ ewé tí wọ́n ti ṣèlérí rẹ̀ fún mi. Wọ́n ní ó bá àwọ̀ ara rẹ̀ mu. Ẹ lè sọ pé ìborí kò sí nínú ẹjọ́ yìí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo ti kọ ọ́, bàbá mi sì ti gbọ́ ọ.

6. Lọ́jọ́ ìdíje, alùpùpù kan náà ló gbé wa lọ sí Bassila, Salma láàárín, èmi lẹ́yìn pátápátá, àpò ìwé àwa méjèèjì lórí itan mi. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wà nínú gbọ̀ngàn ń sọ èdè Anii láàárín ara wọn, àwa náà sì ń sọ tiwa. Kí wọ́n tó pín ìwé ìbéèrè, Salma di ọwọ́ mi mú. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, kó ṣáà máa ya gbogbo ọfà kó tó ṣírò ohunkóhun. Mo fẹ́ kó ṣe dáadáa. Mo fẹ́ kó ṣe dáadáa, kó sì wà lẹ́yìn mi.

7. Ìbéèrè kẹta lọ báyìí, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe lè túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n fi pátákó ti ẹ̀yìn kámíọ̀ akẹ́rù kan. Igun tí pátákó náà fi gbé sókè láti ilẹ̀ jẹ́ ọgbọ̀n ìwọ̀n. Àpò kajú tó jẹ́ ọgọ́rin kílò wà lórí rẹ̀, ó dúró jẹ́ẹ́, kò sí ẹni tó dì í mú. Wọ́n fún wa ní nọ́ńbà tó ń sọ bí àpò àti pátákó ṣe lè di ara wọn mú tó, ìdá méje nínú mẹ́wàá. Apá kìíní: kí ni iye ipá tí pátákó fi ń di àpò mú kó má yọ̀? Ipá ìdìmú ni mo máa pè é nínú ìwé yìí. Apá kejì: wọ́n gbé pátákó náà ga sí i títí àpò fi yọ̀; báwo ni eré rẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i, eré wo ló sì ń sá nígbà tó kan ilẹ̀? Èmi àti Salma gba apá kejì bákan náà, n kò ní ọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Apá kìíní ni ẹjọ́ mi.

8. Ìwé ìbéèrè ní kí a ka fífà tí ilẹ̀ ń fa nǹkan sí níútọ̀nù mẹ́wàá lórí kílò kọ̀ọ̀kan. Ìwúwo àpò wá jẹ́ ẹgbẹ̀rin níútọ̀nù. Nítorí igun ọgbọ̀n ìwọ̀n, ìlàjì rẹ̀, ìyẹn irinwó, ló ń fa àpò bọ̀ nísàlẹ̀ lórí pátákó. Àpò kò gbéra. Ohun tó dúró tí kò gbéra, àwọn ipá ara rẹ̀ ti pa ara wọn rẹ́. Nítorí náà irinwó níútọ̀nù ni pátákó fi ń di àpò mú, kò lé, kò dín. Ohun tí mo kọ nìyẹn. Ìwé ìdáhùn tí ìgbìmọ̀ lò mú nọ́ńbà ìdìmú, ó sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ipá tí pátákó fi ń ti àpò padà, ó sì rí irinwó lé márùndínláàádọ́rùn-ún. Iye yìí ni Salma kọ. Ó gba àmì rẹ̀ ní kíkún. Wọ́n fa ìlà pupa sí tèmi, wọ́n sì kọ òdo sí i níwájú.

9. Ẹ̀yin Ọ̀gá, ìṣirò yẹn kò sọ iye tí pátákó ń lò. Iye tó pọ̀ jù tí pátákó lè lò kí àpò tó yọ̀ ló ń sọ. Ẹni tí agbára rẹ̀ tó ru àpò méjì, tó wá ru ẹyọ kan, ẹyọ kan ló wà lórí rẹ̀. Bí ìdáhùn ìgbìmọ̀ bá jẹ́ òtítọ́, irinwó ń fa àpò sísàlẹ̀, ohun tó ju irinwó lọ sì ń tì í sókè. Àpò á wá máa gun pátákó lọ fúnra rẹ̀ títí á fi wọ inú kámíọ̀, àwọn tó ń ru ẹrù á sì lọ jókòó sábẹ́ igi. Ọdọọdún la ń kó kajú sínú kámíọ̀ ní Manigri. Ẹnikẹ́ni kò tíì rí èyí.

10. Ẹnì kan lè bi mí pé kí ló dé tí wọ́n fi fún wa ní nọ́ńbà ìdìmú bí kò bá sí ohun tí a fẹ́ fi ṣe. Ó wúlò ní apá kejì, nígbà tí àpò ti ń yọ̀. Ní apá kìíní, ohun tí nọ́ńbà náà kàn ń jẹ́ ká mọ̀ ni pé àpò lè dúró lórí irú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ti sọ fún wa nínú ìbéèrè pé ó dúró.

11. Níwájú gbọ̀ngàn ni ẹ ti kéde èsì, bàbá mi sì wà níbẹ̀. Nígbà tí ẹ dárúkọ mi, bàbá mi pàtẹ́wọ́. Nígbà tí ẹ dárúkọ Salma, wọ́n dìde dúró. Mo ń wò wọ́n. Nígbà tí a délé, wọ́n pa àkùkọ, ìyá mi sì bu itan rẹ̀ fún Salma. Àwọn aládùúgbò wọlé wá kí wa, ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lẹ́nu gbogbo wọn: ilé kan náà ni. Wọ́n ní ìbáà ṣe Salma, ìbáà ṣe Nimatou, ilé Yáyà ló gbà á. Ìyá Assana tó ń gbé ìkejì ilé wa tún fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní kí n dúpẹ́ pé kì í ṣe ọmọ ilé ẹlòmíràn ló gba ipò náà. N kò lè sọ fún wọn pé bó bá jẹ́ ọmọ ilé ẹlòmíràn ni, ǹ bá ti sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo jókòó sí ilé ìdáná, mo ń gé àlùbọ́sà. Ẹni tó bá bi mí ìdí tí ojú mi fi pọ́n, àlùbọ́sà ni mo ń nà sí i.

12. Nígbà tí wọ́n dá ìwé ìdáhùn wa padà pẹ̀lú ti ìgbìmọ̀, mo gbé tèmi lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Chitou. Wọ́n ń lọ sílé, alùpùpù wọn ti ń dún. Mo sọ ohun tí mo kọ sí ìpínrọ̀ kẹsàn-án ìwé yìí fún wọn. Wọ́n wo ìwé mi, wọ́n wo ìwé ìdáhùn ìgbìmọ̀, wọ́n ní àwọn tó kọ ọ́ kàwé ju èmi lọ, wọ́n sì kàwé ju àwọn fúnra wọn lọ. Wọ́n wá sọ fún mi pé: "Nimatou, àbúrò rẹ ló borí. Má jẹ́ kí inú rẹ burú sí i." Inú mi burú sí i, Ẹ̀yin Ọ̀gá. N kò sẹ́. Ṣùgbọ́n inú burúkú kò lè sọ irinwó di iye mìíràn.

13. Mo lọ sí ẹ̀gbẹ́ títì níbi tí wọ́n ti ń kó kajú bàbá mi. Mo bẹ Yacoubou, olórí àwọn tó ń ru ẹrù, pé kó gbé àpò kan lé orí pátákó, kó sì fi í sílẹ̀. Ó bi mí kí ni mo fẹ́ wò. Mo ní mo fẹ́ mọ̀ bóyá yóò gòkè. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ọ̀kan nínú wọn ní láti sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀. Síbẹ̀ ó bá mi gbé e. Àpò náà dúró, mo sì dúró tì í títí awakọ̀ kámíọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. N kò pe èyí ní ẹ̀rí iye ipá náà, nítorí pé n kò ní irinṣẹ́ tí a fi ń wọ̀n ọ́n. Mo kàn fẹ́ kí nǹkan kan wà ní Manigri lọ́sẹ̀ náà tó gbè sẹ́yìn mi.

14. Títí di ìgbà náà, n kì í bá Salma sọ ju ohun tó bá pọn dandan lọ. Lọ́jọ́ tí a lọ ṣa kajú lóko, mo mú ìwé ìdáhùn rẹ̀ àti tèmi dání. Mo sọ fún un pé mo ti gbé tèmi lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Chitou. Mo bi í pé ibo ni àpò ń lọ nínú àwòrán tirẹ̀. Ó ń yọ kóró kúrò lára èso, kò gbójú sókè. Ó ní àpò kò lọ síbì kankan. Mo ní kí ló wá dé tí ọfà kan fi gùn ju èkejì lọ. Ohun tó sọ nìyí, n kò fi nǹkan kan kún un: "Ẹ̀gbọ́n mi, irinwó ni mo kọ́kọ́ rí. Mo wá rò ó pé wọn kò ní fún wa ní nọ́ńbà yẹn lásán. Mo mọ̀ pé wọ́n fẹ́ ká lò ó. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni mo kọ."

15. Mo ti mọ Salma láti ìgbà tó ti dé. Ó mọ ohun tí olùkọ́ fẹ́. Ó mọ ohun tí bàbá mi fẹ́ gbọ́ bí wọ́n bá ti oko dé. Ó mọ ìgbà tí ìyá mi fẹ́ kí ènìyàn dákẹ́, àti ìgbà tí wọ́n fẹ́ kí ènìyàn bá wọn rẹ́rìn-ín. Èmi kò mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí. Ọmọ tí wọ́n bí sínú ilé ni mí, èmi ni mo sì máa ń sọ̀rọ̀ nígbà tó yẹ kí n dákẹ́. Ohun tí mo mọ̀ ni ohun tí àpò ń ṣe lórí pátákó. Wọn kò sì bi wá léèrè ohun tí ìgbìmọ̀ ń fẹ́. Ohun tí àpò ń ṣe ni wọ́n bi wá.

16. Mo sọ fún un lóko pé ó jí ipò mi. Ó ní bóun bá mọ̀ pé irinwó ni mo máa kọ, òun náà ì bá kọ irinwó, nítorí pé ohun tí mo bá kọ ló máa ń jẹ́ òótọ́. Ó sunkún. Mo ń ṣa kajú lọ ní tèmi.

17. Lọ́jọ́ tí a padà sí kíláàsì, Salma nawọ́ kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kò sọ fún mi ṣáájú. Ó bi Ọ̀gbẹ́ni Chitou pé bí ipá ìdìmú bá ju ipá tó ń fa àpò sísàlẹ̀ lọ, kí ló dé tí àpò kò fi gòkè. Ọ̀rọ̀ tí èmi ti sọ fún wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ alùpùpù gan-an nìyẹn. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n dúró. Wọ́n mú ẹfun ìkọ̀wé, wọ́n ya kámíọ̀, wọ́n ya àpò, wọ́n ya àwọn ọfà. Wọ́n ṣe ìṣirò náà, wọ́n pa á rẹ́, wọ́n tún un ṣe. Wọ́n wá yíjú sí wa, wọ́n ní: "Salma ti rí ohun tí ìgbìmọ̀ kò rí."

18. Salma dìde. Ó ní: "Èmi kọ́ ni mo rí i. Ẹ̀gbọ́n mi Nimatou ló rí i, ó sì ti sọ ọ́ fún yín. Ìdáhùn tí mo fi borí kò tọ̀nà." Ọ̀gbẹ́ni Chitou pàtẹ́wọ́ fún un nítorí òtítọ́ tó sọ, gbogbo kíláàsì sì bá wọn pa á. Wọ́n pa á pẹ́. Nígbà tó ṣe, ẹnì kan rántí pé èmi náà wà níbẹ̀, wọ́n sì pa díẹ̀ fún mi.

19. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nílé. Bàbá mi gbọ́, wọ́n pe Salma, wọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí, wọ́n ní inú ọmọ yìí mọ́. Ìyá mi nu omijé ojú ara wọn. Lẹ́yìn náà ni bàbá mi yíjú sí mi, wọ́n bi mí bóyá òótọ́ ni pé irinwó ni. Mo ní irinwó ni. Wọ́n ní kí n lọ kọ̀wé. Nígbà tí mo ka ìpínrọ̀ yìí sí wọn létí, wọ́n ní ṣé bí mo ṣe rí i nìyẹn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

20. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Mo bẹ̀ yín kí ẹ fi ìdáhùn mi hàn olùkọ́ fisíìkì mìíràn tí kò sí nínú ìgbìmọ̀, kí ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀gbẹ́ni Chitou ti kọ ìṣirò náà sí ojú ewé kan fún un yín, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Ó wà pẹ̀lú ìwé yìí. Bí ó bá tọ̀nà, kí ẹ fún mi ní àmì tó tọ́ sí mi, kí ẹ yọ èyí tí kò tọ́ sí Salma kúrò, kí ẹ sì tún èsì kéde níwájú gbọ̀ngàn kan náà. Nígbà tí ẹ bá ń kéde rẹ̀, kí ẹ sọ ìdí rẹ̀. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní Manigri tàbí ní Bassila rò pé wọ́n gba ipò lọ́wọ́ ọmọ aláìsàn kí wọ́n fi fún ọmọ onílé.

21. Nítorí pé wọ́n á sọ ọ́. Ìyá Salma ní Alédjo ti gbọ́ pé ọmọ òun borí. Ẹni tó mú ìròyìn lọ ní obìnrin náà, tí kì í dìde, dìde jókòó lórí ẹní, ó sì ní kí wọ́n fún òun ní oúnjẹ. Mo mọ èyí kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé yìí. Àwọn kan ti gbà mí nímọ̀ràn pé kí n bẹ̀ yín kí ẹ fi àyè Parakou sílẹ̀ fún Salma nítorí ìyá rẹ̀ àti nítorí òtítọ́ tó sọ, kí ẹ wá yìn mí nínú ìwé kan. Salma nìkan ni kò gbà mí nírú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Mo kọ̀. Èmi ni mo fẹ́ lọ sí Parakou. Mo fẹ́ wọ yàrá tí wọ́n ti ń wọn ipá, kí n fa nǹkan, kí n sì fi ojú mi ka iye rẹ̀. N kò bẹ̀bẹ̀ fún àyè méjì, nítorí mo mọ̀ pé ẹyọ kan ni ẹ ní.

22. Bí ẹ bá tún èsì kéde, mo mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Salma ló máa kọ́kọ́ dìde. Yóò pàtẹ́wọ́ fún mi pẹ̀lú ẹ̀rín, òun sì ni gbogbo ènìyàn á máa wò. Èmi kò pàtẹ́wọ́ nígbà tí ẹ dárúkọ rẹ̀. Abẹ́ àpò ìwé ni mo kó ọwọ́ mi sí. Bí ẹ bá ń wá èyí tí inú rẹ̀ dára jù nínú àwa méjèèjì, ẹ ti rí i, kì í sì í ṣe èmi. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni ẹ bi wá nínú ìdíje.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín fún sùúrù tí ẹ fi ka ọ̀rọ̀ mi dé ibí.

Èmi tó ń dúró de ìdájọ́ yín,

Nimatou Yáyà,
Akẹ́kọ̀ọ́ fisíìkì, Manigri.

Ìtẹ̀ka Yáyà, bàbá rẹ̀.

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló rí. Salma.